Inú Oyún ni Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn ti ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. A máa ń pa á fún òbí tí ó bá ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́, a sì máa ń pa á fún ọmọ ilé-ìwé tí kò bá fẹ́ kàwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá mi gbé yẹ̀ wò: ìgbà wo gan-an ni 'kékeré' yìí bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọjọ́ tí a bí ọmọ sáyé ni, tàbí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí i? Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni mo fẹ́ fi dáhùn, nítorí pé lára ẹran ọ̀sìn ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí ìdáhùn náà kedere.

Láì fepo bọyọ̀, èrò tèmi nìyí: púpọ̀ nínú àìsàn àti ikú tí a ń rí lára ọmọ ewúrẹ́, ọmọ àgùntàn àti ọmọ màlúù ni ó ti fìdí múlẹ̀ nínú ìyá wọn kí wọ́n tó fojú kan ilẹ̀ ayé. Nítorí náà, owó àti làálàá tí à ń ná láti wá akọ ẹran láti òkèèrè, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ná an lórí oúnjẹ àti ibòji ìyá ẹran tí ó lóyún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a máa ń sọ bí ọmọ ẹran bá kú. Ewúrẹ́ bí ìbejì. Ní ọjọ́ kejì ọ̀kan kú, ní ọ̀sẹ̀ kejì èkejì tẹ̀ lé e. Ní abúlé, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ní ìlú ńlá, ẹni tí ó kàwé á ní ẹ̀yà ewúrẹ́ wa ni kò dára, pé ó kéré jù, kí ìjọba lọ wá òbúkọ ńlá wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni kìíní ń dá àjẹ́ lẹ́bi, ẹnì kejì ń dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́bi. Àwọn méjèèjì gbàgbé láti béèrè ohun tí ìyá ẹran náà jẹ ní oṣù méjì tí ó ṣáájú ìbímọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lóhùn. Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Arthur Walton àti John Hammond, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Oríṣi ẹṣin méjì ni wọ́n lò. Èkíní ni Shire, ẹṣin fàkìàfakia tí ń fa ẹrù. Èkejì ni Shetland, ẹṣin kúkurú tí ọmọdé ń gùn. Wọ́n gba àtọ̀ akọ Shire, wọ́n fi sínú abo Shetland. Wọ́n gba ti akọ Shetland, wọ́n fi sínú abo Shire. Ìdajì Shire, ìdajì Shetland ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́, ó yẹ kí àwọn ọmọ náà dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá. Ọmọ tí abo Shire bí tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tí abo Shetland bí. Nígbà tí wọ́n sì dàgbà tán, ìyàtọ̀ náà kò parẹ́. Kékeré ni ọmọ inú Shetland wà.

Kí ni èyí kọ́ wa? A máa ń sọ pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, òtítọ́ sì ni. Àmọ́ bí ìkòkò bá kéré, ẹ̀kọ inú rẹ̀ kò lè pọ̀, ì báà jẹ́ pé àgbàdo tí ó dára jù lọ ní ọjà ni a fi ṣe é. Àgbàdo ni ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá. Ìkòkò ni ilé ọmọ. Ẹni tí ó ń ra àgbàdo olówó iyebíye sínú ìkòkò tí ó ń jò, ó ń fi owó ṣòfò ni.

Kì í ṣe títóbi nìkan ni a ń bá ní ilé ọmọ. Ìlera náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1933, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Fred Hale ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa abo ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n fi oúnjẹ tí kò ní fítámínì A bọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ náà bí ọmọ 11. Kò sí ẹyinjú lójú ìkankan nínú wọn. Ẹ fojú inú wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní abúlé wa. Ẹbọ mélòó ni a kò ní rú? Ṣùgbọ́n Hale fi hàn pé kì í ṣe àjogúnbá, kì í sì í ṣe èèmọ̀ tí kò nídìí. Ohun tí oúnjẹ ìyá kò ní ni ó fà á. Nígbà tí wọ́n tún oúnjẹ ṣe, ọmọ tí ó lójú ni wọ́n ń bí.

Ní ìwọ̀-oòrùn Australia ẹ̀wẹ̀, àwọn àgùntàn kan ń bí ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kò ràn. Ọmọ náà á fẹ́ dìde, á ṣubú. Á tún dìde, á tún ṣubú, títí tí ebi yóò fi pa á kú nítorí pé kò lè dé ìdí ọmú ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1937, H. W. Bennetts fi hàn pé àìtó bàbà nínú koríko tí ìyá ń jẹ ni. Bàbà kan náà tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ yìí ni mo ń wí, ìwọ̀nba bín-ín-tín rẹ̀ tí ara nílò láti fi kọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pé ìyá fúnra rẹ̀ lè má hùwà aláìsàn rárá. Ọmọ inú ni ó ń san gbèsè náà.

Àkókò pẹ̀lú ní agbára tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní Amẹ́ríkà, àwọn darandaran ń rí ọmọ àgùntàn olójú kan ṣoṣo, tí ojú náà wà ní àárín iwájú orí. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn onímọ̀ ìjọba wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí ewéko orí òkè kan tí ń jẹ́ Veratrum californicum. Bí àgùntàn bá jẹ ẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 14 tí ó lóyún, ìgbà náà gan-an ni iwájú ọmọ ń pín sí méjì, oró ewé náà a sì dí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ ẹ́ nígbà tí àkókò náà ti kọjá, ojú ọmọ yóò pé méjì. Ewé kan náà ni, ìyá kan náà ni, ọjọ́ nìkan ni ó yàtọ̀. Nítorí náà ni a fi ń kìlọ̀ fún àwọn tí ń ra oògùn lọ́wọ́ akiri: oògùn aràn kan wà tí ń jẹ́ albendazole, ó dára púpọ̀ fún aràn, ṣùgbọ́n ó lè ba ọmọ inú jẹ́ bí a bá fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn lò ó ní oṣù kìíní oyún.

Ẹlòmíràn lè wí pé, 'Texas àti Australia jìnnà sí wa. Kí ni ó kan ewúrẹ́ ìyá mi ní ilé?' Ó kàn án gan-an ni. Ewúrẹ́ a máa gbé oyún fún nǹkan bí ọjọ́ 150, àgùntàn fún ọjọ́ 147, ẹlẹ́dẹ̀ fún ọjọ́ 114, màlúù fún nǹkan bí ọjọ́ 280. Nínú oṣù márùn-ún tí ewúrẹ́ ń lò, púpọ̀ nínú ìwọ̀n ọmọ, ó ju ìdajì lọ dáadáa, oṣù méjì ìgbẹ̀yìn ni ó ń gbà á. Ẹ̀wẹ̀, ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa kì í sábà bí ẹyọ kan. Ìbejì ni, nígbà mìíràn ìbẹta. Ilé ọmọ ti gba gbogbo inú, àyè tí koríko yóò gbà kò tó nǹkan mọ́. Àkókò tí ìyá nílò oúnjẹ jù lọ ni inú rẹ̀ kò gba ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ nígbà náà ni oúnjẹ kékeré tí ó lóore nínú.

Kí ni a ń fún un? Èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ dára, ó ń fún ẹran lágbára. Ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni pé oró wà nínú èèpo tútù, ní pàtàkì ti ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ara ẹran a máa yí oró náà padà sí nǹkan mìíràn tí kì í pa á, ṣùgbọ́n nǹkan náà a máa dí iodine lọ́wọ́. Bí iodine kò bá sì tó ìyá, ọmọ lè yọ gẹ̀gẹ̀ láti inú oyún, kí a bí i ní òkú, tàbí kí a bí i láìnírun lára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí a sá èèpo náà sóòrùn kí ó gbẹ dáadáa, kí a sì fún ẹran ní iyọ̀ tí ó ní iodine lá, kò lè mú ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè.

Ọmọ tí ebi pa nínú oyún kì í kan ṣe ọmọ kékeré lásán. Ó máa ń wá sáyé láìní ọ̀rá tí yóò fi yáná ní alẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ọyẹ́ bá mú. Kò ní agbára láti dìde tètè mu ọmú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti burú jù fún ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Nínú ènìyàn, ìyá a máa fi díẹ̀ nínú ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti inú oyún. Nínú ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù, ibi ọmọ kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá. Inú ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó ki tí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ni gbogbo wọn wà, ìfun ọmọ kò sì lè gbà wọ́n wọlé mọ́ bí wákàtí 24 bá ti kọjá. Ìyá tí ebi pa kì í ní ọmú àkọ́kọ́ púpọ̀. Ọmọ tí ebi pa kì í tètè dé ìdí rẹ̀. Kí àrùn kékeré kan kàn dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó parí. Àwa a wá sọ pé àrùn ni ó pa á. Àrùn ni ó pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ni ó ṣílẹ̀kùn fún àrùn.

Èyí tí kò kú ńkọ́? Iye fọ́nrán ẹran ara tí ọmọ yóò ní ní gbogbo ayé rẹ̀, inú oyún ni a ti ń kà á tán fún un. Lẹ́yìn ìbí, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan lè sanra, ṣùgbọ́n iye wọn kì í tún pọ̀ sí i. Kò sí oúnjẹ tí a lè fún un lọ́dún kejì tí yóò dá ohun tí a fi dù ú nínú ilé ọmọ padà pátápátá.

Ooru pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Ní Yunifásítì Florida, ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú bí ti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n pín màlúù tí ó lóyún sí ọ̀nà méjì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó kẹ́yìn oyún. Wọ́n fi fáànù àti omi tu àwọn kan lára. Wọ́n fi àwọn yòókù sábẹ́ ibòji lásán. Ọmọ àwọn tí ooru mú kéré, agbára ìdènà àrùn wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn, nígbà tí wọ́n sì dàgbà, wàrà tí wọ́n fún dín kù. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì mìíràn jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ pàápàá. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu: kí abo tó kúrò nínú ìyá rẹ̀ ni ẹyin tí yóò fi bímọ lọ́la ti ń dá sí i nínú. Ẹni tí ó so ìyá màlúù mọ́ inú oòrùn, ìran mẹ́ta ni ó so mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Wọn á ní, 'Oúnjẹ ènìyàn kò tó, ìwọ ń wá oúnjẹ ewúrẹ́.' Èsì mi ni pé kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn ni mo ní kí a fún un. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ILCA ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí gbíngbin igi leucaena àti àgúnmániyè sáàárín àgbàdo. Ewé igi wọ̀nyí a máa sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, a sì tún máa bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Èròjà amáradàgbà inú ewé àgúnmániyè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti èèpo ẹ̀gẹ́. Igi tí a fi ń ṣe ọgbà ni. Bí a bá gé e, ó tún ń rúwé. Bí ewúrẹ́ bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó rọ díẹ̀ kí a tó gbé e fún un.

Àwọn mìíràn á ní, 'Ó dára, a ó kúkú máa rọ oúnjẹ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.' Ìyẹn náà kò tọ́. Ní Aberdeen, ní Scotland, Jacqueline Wallace àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá bọ́ ọ̀dọ́ abo àgùntàn ní àbọ́jù nígbà tí ó lóyún kí ó tó dàgbà tán, ara tirẹ̀ ni oúnjẹ náà ń lọ. Ibi ọmọ á kéré, ọmọ náà á sì kéré. Ẹ ò rí i pé ìyá tí kò tíì dàgbà ń bá ọmọ inú rẹ̀ du oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀, ní àdúgbò wa, òbúkọ ń gun ewúrẹ́ tí a bí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, a sì ń dunnú pé ó ti tètè lóyún. Kí a ya akọ sọ́tọ̀ títí abo yóò fi gbó, ìtọ́jú oyún ni ìyẹn náà.

Ní ti àwọn tí ń fẹ́ òbúkọ òkèèrè, n kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é láéláé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ewúrẹ́ kúkurú wa ti bá eṣinṣin tsetse gbé pẹ́, ara rẹ̀ sì ń gba àrùn rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹran àjèjì lọ. Bí a bá fi ọmọ ńlá sínú ìyá kékeré tí ebi ń pa, ìnira ìrọbí ni a ń wá. Ìwádìí Cambridge ti sọ fún wa pé ìyá ni yóò pinnu.

Ta wá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Ní ilẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú ewúrẹ́ tí ń rìn káàkiri àdúgbò, obìnrin ni ó ni wọ́n. Ewúrẹ́ ni báńkì ìyá. Òun ni owó ilé-ìwé, òun ni owó oògùn nígbà tí ọjọ́ bá le. Nínú wa tí ń ka ìwé yìí, àwọn kan wà tí ọmọ ewúrẹ́ méjì ni ó gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Ẹ tún rántí àṣà wa pé ẹni tí ó ní abo ẹran lè gbé e fún ẹlòmíràn sìn, kí wọ́n sì máa pín ọmọ rẹ̀. Àṣà tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ọmọ ni àdéhùn náà ń pín. Kì í sábà sọ ẹni tí yóò bọ́ ìyá nígbà oyún. Olówó ẹran ń retí ọmọ, olùsìn ń retí ọmọ, ìyá ẹran ń wá èèpo kiri. Ó yẹ kí àdéhùn náà máa dárúkọ oṣù méjì ìgbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ tiwa ńkọ́, àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá? Ìmọ̀ tí mo kà sílẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà tí ẹni tí ó ni ewúrẹ́ kò fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ wá jókòó ti àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá. Kí a jọ kọ ìwé pélébé kan tí ìyá oníṣòwò lè kà láàárín ìṣẹ́jú 10. Kí ó wí pé: ka ọjọ́ láti ìgbà tí akọ gùn ún, ní oṣù méjì ìgbẹ̀yìn, fi ewé tútù àti èèrí àgbàdo kún èèpo gbígbẹ, fún un ní iyọ̀ àti omi mímọ́, wá ibòji fún un, rí i pé ọmọ mu ọmú àkọ́kọ́ kí wákàtí mélòó kan tó kọjá. Kí ó sì wí pé bí oyún bá ń bàjẹ́ lára ẹran léraléra, kí a má wá àjẹ́ kiri. Kí a pe dókítà ẹran, kí a má sì fi ọwọ́ lásán kó ibi ọmọ, nítorí pé àrùn bíi brucellosis ń ti ara ẹran ran ènìyàn.

Igi gáńgáńrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí a bá dúró di ọjọ́ ìbí kí a tó máa sáré kiri, igi ti wọ ojú. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ìyá ẹran lónìí, kí ọmọ rẹ̀ lè dìde lọ́la, kí ó sì rìn dé ìdí ọmú. Ire o.